Inú ọkọ̀ fáànù wa há jù: ṣé ká kùn ún ní funfun ni, àbí ká tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ra Fiat Ducato kan lọ́wọ́ àwọn tó fi ń kó ẹrù kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní L2H2, ìyẹn oní gígùn kejì àti gíga kejì, nílùú Leeds ní England níbí. Ọ̀wọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ la fi sọ ọ́ di ilé alágbèéká. A ti fi ohun tí ń dènà òtútù sí i, a fi pákó páìnì bo ògiri àti àjà, a kan bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, a kan kọ́bọ́ọ̀dù sókè lápá méjèèjì, wọ́ọ̀dúróòbù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n tá a bá ti wọlé tí a sì pa ilẹ̀kùn dé, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọkọ mi, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ní ká kun gbogbo rẹ̀ ní funfun ká sì fi dígí ńlá kan sí i. Èmi ní ká tà á, ká ra èyí tó gùn jù ú lọ. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún méje, máa ń bá wa lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá wa dá ẹjọ́ tẹlifíṣàn: òun fẹ́ gbé ti íǹṣì 32 kọ́ ara ògiri, èmi ò gbà.

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá. Mo wo àwọn fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Ọwọ́ yín mọ́. Ibi tí pákó ti pàdé pákó ṣe déédéé, kò sì síbi tí síkúrú ti yọrí síta. Ọkọ yín ń ro àwọ̀, ẹ̀yin ń ro gígùn. Ohun tí èmi rí nínú fọ́tò yẹn yàtọ̀ sí méjèèjì: kò síbi téèyàn lè jókòó sí nínú fáànù náà tí ojú rẹ̀ á rìn ju ìwọ̀n apá téèyàn nà lọ kó tó kan pákó. Níwájú, ògiri irin. Lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀dì gíga. Lápá òsì, wọ́ọ̀dúróòbù. Lókè, kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ gan-an ni àyà ti ń há, tí ẹ bá sì kun gbogbo rẹ̀ ní funfun láìtú ìkankan, pákó funfun lojú á máa kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé tépù lé e ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bú ọkọ̀ wọn láìmọ ohun tí wọ́n ní. Ibi ẹrù Ducato bíi tiyín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 187 níbi tó ti fẹ̀ jù, ó gùn ní 312, ó sì ga ní 193. Ford Transit kò ju 178 lọ ní fífẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án yìí ló jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ilé alágbèéká ní Yúróòpù máa wá Ducato kiri, àti Peugeot Boxer àti Citroën Relay tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, torí ẹni tí kò ga púpọ̀ lè nà gbalaja ní ìbú rẹ̀. Ẹ̀yin ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sára irin, ẹ fi ohun tí ń dènà òtútù sáàárín, ẹ wá fi páìnì bò ó, ó sì ti kù bí 178 ní ìbú. Ọkọ yín jẹ́ 183. Ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti igun bẹ́ẹ̀dì kan dé igun òdìkejì ló ń sùn, tí ẹ̀yin sì ń fara rọ́ sí igun kan. Lókè náà, láti ilẹ̀ dé àjà kù díẹ̀ ju 186 lọ, gílóòbù tí ẹ kan mọ́ àjà sì tún sọ̀ kalẹ̀ látibẹ̀. Ó lè dúró o, ṣùgbọ́n orí ẹni tó mọ̀ pé iná lè gbá òun kì í sinmi.

Volkswagen tí wọ́n fi ṣe dánfó l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé ẹ rántí bó ṣe kéré tó? Irú ọkọ̀ yẹn ni ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń sọ di ilé alágbèéká láti 1951. Inú rẹ̀ kò tó tiyín rárá, síbẹ̀ ìdílé ọlọ́mọ méjì ń fi í rin ìrìn-àjò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to èyí tó jáde láàárín 1979 sí ìgbà tó kógbá sílé: ibi ìdáná lọ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ga ju ìsàlẹ̀ fèrèsé lọ, ẹyọ kan ṣoṣo tó ga, ìyẹn wọ́ọ̀dúróòbù, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, gíláàsì yí ọkọ̀ ká, òrùlé sì ń gbéra sókè tí wọ́n bá dúró. Ẹni tó jókòó ń wo ìta láti gbogbo ọ̀nà. Wọn ò fi kún àyè ọkọ̀ náà, wọn ò kàn dí ojú lọ́nà ni.

Nítorí náà, ẹ dúró síta, ẹ fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yín. Kí lẹ kọ́kọ́ rí? Ẹ̀gbẹ́ wọ́ọ̀dúróòbù ni, pátákó kan láti ilẹ̀ dé àjà, tí ẹ ti ń rí ìlà ara igi rẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín tó wọlé. Ẹni tó bá gbé yàrá kan rí nínú ilé face-me-I-face-you á mọ ohun tí mò ń sọ: àwọn ìyá wa kì í gbé kọ́bọ́ọ̀dù síbi tí ojú àlejò á kọ́kọ́ bà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì í sí, kí fèrèsé lè kojú ẹni tó ń wọlé, yàrá náà á sì dà bíi pé ó fẹ̀ ju ti ẹni tó wà ní ìdojúkọ lọ. Ẹ tú wọ́ọ̀dúróòbù yẹn kúrò níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ga ju orí sítóòfù lọ, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni kó lọ, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, láàárín ibi ìdáná àti bẹ́ẹ̀dì. Tí kò bá ṣeé gbé síbẹ̀, ẹ gé e kù sí 90, kí orí rẹ̀ di tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń gbé agbádá lọ sí Lake District, ibi òkè àti adágún tí ẹ ti ń lọ gbafẹ́. Aṣọ tí ẹ ń gbé lọ ṣeé ká, kò nílò hángà.

Ẹ wá wo òkè. Ẹni tó dúró, ibi èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ ló ti nílò àyè jù. Ibi ẹsẹ̀ kò gbà ju nǹkan díẹ̀ lọ. Káfíńtà tó bá ń ṣe ilé gidi kì í ro èyí torí pé ilé ní àyè, ṣùgbọ́n nínú fáànù òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ lè jìn tó 50 tàbí 55, kò ní ṣe nǹkan kan. Ti òkè kò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, kí iwájú rẹ̀ sì dagun láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kó má dúró ṣánṣán sí iwájú orí. Tiyín jìn ní 35 lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ìyẹn ni pé ẹ ti gba 70 nínú 178 lọ́wọ́ èjìká ara yín. Ẹ fi ti òkè ibi ìdáná sílẹ̀, kí ẹ gé e kù. Ti apá ilẹ̀kùn, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ògiri náà wà lófìfo dé àjà. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé níbo ni ẹrù inú rẹ̀ máa lọ. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ sọ gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù di pẹpẹ tí kò nílẹ̀kùn. Ó dára nínú fọ́tò, níbi tí ife méjì àti òdòdó kan wà lórí rẹ̀. Nínú ìrìn-àjò gidi, páálí kọ́ńfíléèkì, ike gàrí àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ló máa wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì máa já lulẹ̀ ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó máa yí fáànù yín padà jù lọ kì í ṣe fífi nǹkan sí i, ohun tí ẹ máa yọ ni: ògiri irin tó pààlà ibi awakọ̀ àti ibi ẹrù. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á máa wo ìta láti gíláàsì iwájú, ojú á fi ohun tó lé ní mítà kan rìn síwájú, ìmọ́lẹ̀ láti fèrèsé awakọ̀ á sì ya wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ Ducato, bóòtì tó ṣeé tú ló dì í mú, wọn ò jó o mọ́ ọkọ̀, nítorí náà ọkọ yín lè tú u fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín kí ẹ tó ṣe é. Mi ò ní tan yín: ògiri yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń gbá ariwo ọ̀nà dúró, ó sì ń dá òtútù iwájú dúró ní iwájú, torí gíláàsì ibi awakọ̀ ni ibi tó ń tutù jù nínú ọkọ̀ lóru. Ẹ máa nílò kọ́tìnnì tó nípọn tí ẹ lè fà wá síbẹ̀ lálẹ́, àti ìbòrí gíláàsì iwájú. Ní òwúrọ̀ oṣù kejì, ẹ máa rántí ògiri yẹn pẹ̀lú ìfẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ìjókòó awakọ̀ lè di èyí tó ń yí, kó kọjú sẹ́yìn, kó di àga pálọ̀. Irin tí ń yí i máa ń gbé ìjókòó sókè díẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí ọkọ yín jókòó sórí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ti apá kejì le díẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ yọ ìjókòó ẹlẹ́ni-méjì kúrò, kí ẹ fi ẹlẹ́nìkan tó ń yí rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré ni, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín nílò ìjókòó tó ní bẹ́líìtì, ẹ̀yìn fáànù yín kò sì ní ọ̀kankan. Irin tó ń yí ẹlẹ́ni-méjì wà, àmọ́ ẹ máa ní láti ṣí ilẹ̀kùn kí ó tó lè yí, kì í sì í yí tán bíi ti ẹlẹ́nìkan. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àga kan tó ń yí ti tó. Ìjókòó ẹlẹ́ni-méjì yẹn náà, tí ẹ bá tẹ́ pátákó àti fómù lé e láti apá kan dé èkejì, ọmọ ọdún méje á rí ibi sùn, bẹ́ẹ̀dì yín á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì yín ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ó fẹ̀ ní 135, ẹ sì ti gbé e ga tó 85 kí ẹrù lè wọ abẹ́ rẹ̀. Láti 312 tí ẹ ní, 177 péré ló kù fún ibi ìdáná, ibi ìjókòó, àti ìrìn. Ẹni tó bá sì jókòó sórí àga, etí fómù ló ń wò ní ọ̀kánkán ojú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, kò sì sí èyí tí kò ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bẹ́ẹ̀dì tó ń fà jáde láti ara ìjókòó gígùn, tó máa jẹ́ àga lọ́sàn-án. Òun ló ń fúnni ní àyè jù, òun náà ló sì ń yọ tọkọtaya lẹ́nu jù, torí gbogbo alẹ́ ni ẹ máa tẹ́ ẹ, gbogbo òwúrọ̀ ni ẹ máa ká a, tí òjò bá sì ń rọ̀ tí ẹnì kan fẹ́ sùn díẹ̀ sí i, ẹnì kejì ò ní ibi jókòó. Èkejì ni èyí tí ẹ ní yìí. Ó rọrùn fún ẹni tó bá ń pẹ́ lójú ọ̀nà, torí ó ń gba ẹrù rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n owó orí àyè ló ń gbà lọ́wọ́ yín ní gbogbo wákàtí tí ojú yín fi là. Ẹ̀kẹta ni mo máa yàn fún ẹ̀yin: ẹ fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ìbú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 50 tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gé férémù àti fómù rẹ̀ sí méjì ní gígùn, kí apá iwájú, bíi 65, lè fi hínjì bíi ti ilẹ̀kùn ká padà sórí apá ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án, 70 ló kù, ìyẹn àga tó jìn dáadáa. Ilẹ̀ tí ẹ ní á sì fò láti 177 sí 242. Ìṣẹ́jú kan ni ẹ fi máa ká a. Ibi tí ẹ ti gé fómù yẹn, àárín ẹ̀yin méjèèjì ló máa bọ́ sí, kí ẹ sì bo apá méjèèjì pẹ̀lú fómù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn yín á sọ fún yín ní òwúrọ̀.

Nípa gígùn ọkọ yín, ẹ lè rí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ gbà padà níbi orí àti níbi ẹsẹ̀ nìkan. Ẹ tú páìnì àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀. Inú kòtò tó wà láàárín irin ọkọ̀ ni kí ohun tí ń dènà òtútù wà, kí pílàìwúùdù tó nípọn ní mìlímítà mẹ́rin tí ẹ ti fi kápẹ́ẹ̀tì bò sì sùn mọ́ irin náà tààrà. Ó máa súnmọ́ 186. Irin yẹn á tutù díẹ̀ lára ìka ẹsẹ̀ o, ṣùgbọ́n òun ló fẹ́ na ẹsẹ̀.

Ó kan funfun tí ọkọ yín ń wí. Kò ṣìnà, ó kàn fi ìgbẹ̀yìn ṣáájú ni. Àwọ̀ tó mọ́ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí ojú kọsẹ̀ ju àwọ̀ lọ ni ìlà. Páìnì yín ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín pákó kan sí èkejì, òjìji sì wà nínú kòtò kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni ìlà yẹn láti ilẹ̀ dé àjà? Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín dúdú, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì jẹ́ irin dídán tó yọ síta. Kí ògiri, àjà àti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù òkè jẹ́ àwọ̀ kan náà, funfun tó ní ìpara díẹ̀ nínú, èyí tí kì í dán. Ẹ fi àwọ̀ tó jinlẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Ẹ gé ihò ìka sára ilẹ̀kùn dípò ọwọ́ irin. Ẹ jẹ́ kí tábìlì ibi ìdáná wà ní àwọ̀ igi, torí fáànù tí gbogbo inú rẹ̀ funfun máa ń rán mi létí yàrá abẹ́rẹ́. Páìnì ní kókó igi tó ní òróró. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí ń dí kókó igi kùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì rẹ̀ á yọ ní pupa rúsúrúsú lára funfun kí ọdún tó yí po. Dígí ńkọ́? Ẹyọ kan lè ṣe iṣẹ́, tó bá kọjú sí fèrèsé tó sì ń gbé igi àti ojú ọ̀run wọlé. Tó bá kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti sọ kọ́bọ́ọ̀dù kan di méjì nìyẹn. Ẹ lo dígí oníke: ti gíláàsì tó nípọn ní mìlímítà mẹ́ta wúwo ju kílò méje lọ fún mítà kan ní ìbú àti òòró, tí ọkọ̀ bá sì kọlu nǹkan, ẹ ò fẹ́ kó fọ́ sára ọmọ.

Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sàn ju ọ̀dà àti dígí lọ. Fèrèsé kan tí ẹ ní yẹn ga jù. Ẹni tó jókòó kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ojú ọ̀run. Fèrèsé tó ń la inú ọkọ̀ ni èyí tó bọ́ sí ọ̀kánkán ojú ẹni tó jókòó. Ẹ fi ọ̀kan sára ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Lórí òrùlé, èyí tó jẹ́ 40 sí 40 ni ẹ ní. Èyí tó jẹ́ 70 sí 50 á da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ga rò pé àjà ń bọ̀ wálẹ̀, tí ẹ bá gbé e sí òkè ibi tó máa ń dúró sí. Àwọn irin tó dábùú òrùlé, ẹ má ṣe gé wọn. Àárín méjì ni kí ẹ wá àyè sí. Etí irin tí ẹ bá gé, ẹ kùn ún kí ẹ tó fi rọ́bà sí i, kó má dípẹtà. Kí ẹ sì ra èyí tó ní ìbòrí: lóṣù kẹfà ní Scotland, oòrùn ti yọ kí aago márùn-ún òwúrọ̀ tó lù, ó sì máa bọ́ sójú yín tààrà. Lálẹ́, ẹ yọ àwọn gílóòbù àárín àjà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè wá sórí nìkan ń sọ ògiri di dúdú, ògiri dúdú á sì máa súnmọ́ni. Ẹ fi okùn LED pamọ́ sí abẹ́ àti orí kọ́bọ́ọ̀dù, kó máa tan sára ògiri àti àjà, kí ó ní àwọ̀ iná ìrọ̀lẹ́, 2,700K sí 3,000K lórí páálí rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹ fi lè dín in kù.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àyè, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni. Ẹ ní àyà yín máa ń há tí ẹ bá ti pa ilẹ̀kùn dé. Mo rò pé apá kan nínú rẹ̀ kò kan pákó rárá. Èémí èèyàn mẹ́ta, aṣọ tútù, àti sítóòfù: gáàsì kílò kan tó bá jó á tú omi tó lé ní kílò kan àbọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ wá dín dòdò lé e lórí. Ara á wúwo, gíláàsì á làágùn, ọkàn á sì ní ibí yìí há. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde láti òrùlé, pẹ̀lú fèrèsé kan tí ẹ ṣí díẹ̀ ní apá kejì kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé, lè ṣe fún yín ní òru kan ohun tí ọ̀dà kò ní ṣe láé. Ata díndín, ẹ ṣe é nílé, kí ẹ gbé e dání. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára kọ́tìnnì.

Àwọn ibì kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ wá àyè dé. Àpótí gáàsì tí ẹ dí pa, tó ní ihò sí ìta nísàlẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sá sí. Àwọn ihò afẹ́fẹ́ tí kì í pa dé, ẹ má ṣe fi nǹkan dí wọn, kí ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín burúkú bá wà sì máa ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Britain, kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé alágbèéká, ìjókòó àti tábìlì, ibi sísùn, ibi ìdáná àti ibi ìkẹ́rùsí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n tún ń wo bó ṣe rí lóde: fèrèsé méjì ó kéré tán lápá kan wà lára ohun tí wọ́n ń wá, ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn á sì ràn yín lọ́wọ́. Kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀. Ẹni tó yege ìdánwò awakọ̀ láti oṣù kìíní 1997 wá síwájú, 3,500 kílò ni òpin tí láísẹ́ǹsì lásán gbà á láyè. Pílàìwúùdù igi birch tó nípọn ní mìlímítà 18 tí ẹ lò, odidi pátákó kan wúwo tó kílò 36. Ti igi poplar kò ju bíi kílò 24 lọ. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ kan nǹkan tuntun, poplar oní mìlímítà 15 ti tó.

Mo ti ṣèlérí láti padà sórí ẹrù. Àwa ọmọ Yorùbá kì í rìnrìn-àjò, a máa ń kó lọ ni. Kúlà ìrẹsì kan, kúlà ẹran kan, ìkòkò mẹ́ta torí "bóyá àlejò á yà", bùláńkẹ́ẹ̀tì tó lè bo ilé-ìwé. Mo rí ìgò omi oní lítà márùn-ún mẹ́rin lórí ilẹ̀ nínú fọ́tò yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ní táńkì omi. Kò sí ọgbọ́n káfíńtà tó lè borí èyí. Tí ẹ bá padà dé láti ìrìn kan, ẹ kó gbogbo ohun tí ọwọ́ yín kò kàn síta, kí ó má sì padà wọlé àyàfi tí ẹ bá wá a tì. Ilẹ̀ tí ó hàn láti ilẹ̀kùn dé ìdí bẹ́ẹ̀dì láìsí báàgì kan lórí rẹ̀ ń fẹ inú ọkọ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo ti sọ lọ. Tí òjò bá ṣú ní ọjọ́ kan gbáko ní Keswick, tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, ó máa há, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ ra ìbòrí tí ń fà jáde lára ọkọ̀, kí bàtà, kúlà àti ọmọ rí ibi dúró sí.

Ṣé kí ẹ wá tà á? Ó wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. L3, ìyẹn oní gígùn kẹta, fi nǹkan bíi 58 gùn ju tiyín lọ nínú, ọkọ̀ náà á sì kúrò ní mítà 5.41 di bíi mítà mẹ́fà. Àyè ìgbọ́kọ̀sí lásán ní Britain jẹ́ mítà 4.8 ní gígùn; tiyín ti ń yọ ìdí síta, èyí á yọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ní pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́ọ̀dúróòbù lẹ́nu ọ̀nà á sì ṣe ohun tó ń ṣe níbí. Bẹ́ẹ̀dì tó ń ká yẹn nìkan á fún yín ní 65. Àwọn àgbà ní àyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀, èmi sì gbà pé tiyín kò tíì há dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dún, tàbí ẹ fẹ́ ilé ìwẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ tà á, torí kò sí bí mo ṣe lè fi ilé ìwẹ̀ sínú 312 kí n tún fi ojú yín sílẹ̀ lómìnira. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ògiri irin àti wọ́ọ̀dúróòbù ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lo ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ tó náwó lé bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé. Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Páálí àti tépù alálẹ̀mọ́ ni kí ẹ fi ṣe àwòrán ohun tuntun kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ayùn.

Tẹlifíṣàn: ẹ̀yin lẹ jàre. Ohun dúdú tó fẹ̀ ju 70 lọ sára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lófìfo, á dí i padà ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé kò gbọ́dọ̀ tú ilé ká. Ẹ fi irin kan sí ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ tó lè gbé tábúlẹ́ẹ̀tì, kó sì wò ó látorí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti ká. Tó bá ní ó kéré jù, ẹ ní kó súnmọ́ ọn.